Abẹ́rẹ́ Tí Dókítà Kọ̀ Láti Gún: Sítẹ́rọ́ọ̀dì àti Ọpọlọ Tó Wú

Ìbéèrè kan wà tí kò sí ẹbí tó jókòó ti ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù, tàbí ẹni tó fi orí gbálẹ̀ nínú jàǹbá ọkọ̀, tí kò ní bi dókítà bó pẹ́ bó yá: ṣé kò sí abẹ́rẹ́ tó lè mú kí ọpọlọ tó wú yìí fà ni? Mi ò rí ohun tó burú nínú ìbéèrè náà. Ó mọ́gbọ́n dání. Ẹni tí ikọ́ sémìísémìí dí ọ̀nà èémí rẹ̀, wọ́n á gún un ní hydrocortisone, ọ̀kan lára àwọn oògùn tí wọ́n ń pè ní sítẹ́rọ́ọ̀dì, èémí á sì là. Ẹni tí làkúrègbé ti so oríkèé rẹ̀ pọ̀, sítẹ́rọ́ọ̀dì á bá a tú u. Awọ ara tó dìde, tó pọ́n, tó ń yúnni, ẹbí oògùn kan náà ni wọ́n fi ń pa á. Oògùn tó ti ń mú wíwú fà káàkiri ara, kí ló dé tí àwọn dókítà fi ń mi orí nígbà tó bá kan ọpọlọ tí rọpárọsẹ̀ tàbí ìfarapa mú wú?

Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè yẹn bí mo ṣe lóye rẹ̀, nítorí pé ìdáhùn náà ju "kò ṣiṣẹ́" lọ. Ẹ̀mí èèyàn ló bá a lọ kí aráyé tó mọ̀ ọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì mọ̀ pé àwọn èèyàn náà wà rárá.

Nígbà tí rọpárọsẹ̀ kọlu àbúrò bàbá mi, ẹni tí gbogbo wa nínú ẹbí ń pè ní Bàbá Kékeré, apá ọ̀tún wọn ló kọ́kọ́ kú, ọ̀rọ̀ sì wọ́ lẹ́nu wọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wọ́n ṣì ń fi ojú tẹ̀lé wa. Nígbà tó di ọjọ́ kejì sí ìkẹta, oorun bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn lọ. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru á wá ní wákàtí wákàtí, á fi ìka méjì ṣí ìpéǹpéjú wọn, á tan tọ́ọ̀ṣì kékeré kan sí ẹyinjú, á wò ó bóyá dúdú inú ojú náà ṣì ń sún kì nígbà tí iná bá bà á, á sì kọ nǹkan sínú ìwé. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń wò. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó tan tọ́ọ̀ṣì náà sí ojú ọ̀tún, ó tàn án sí ojú òsì, ó tún padà tàn án sí ojú òsì náà. Kò kọ nǹkan kan. Ó sáré lọ pe dókítà.

Ọmọ Bàbá Kékeré àgbà, ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún mi, rọ̀ mọ́ dókítà náà lẹ́nu ọ̀nà. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò ṣe kúkú gún Bàbá ní dexamethasone? Wọ́n ní sítẹ́rọ́ọ̀dì yẹn máa ń mú kí ọpọlọ tó wú fà." Dókítà náà, ọ̀dọ́bìnrin tí àìsùn ti hàn lójú rẹ̀, fi pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn: "Ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ pé ó máa ràn wọ́n lọ́wọ́ ni, mi ò ní dúró kí ẹ tó sọ ọ́. Irú wíwú tó wà lórí Bàbá yìí kì í gbọ́ ti oògùn yẹn. Ó sì lè dá kún un." Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ ọ́ létí. Bàbá Kékeré papòdà kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, tí ọ̀rọ̀ bá kan ikú wọn, ẹnìkan nínú ẹbí á ṣì sọ pé ká ní wọ́n gún abẹ́rẹ́ yẹn ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ló lé mi dé ìdí ìwé.

Ẹsẹ̀ tó bá wú rí ibi wú sí. Awọ á ná, bàtà ò ní wọ̀ ọ́ mọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Agbárí àgbàlagbà ní tirẹ̀ kì í ná. Alexander Monro ti ìlú Edinburgh sọ ọ́ jáde ní 1783, George Kellie sì fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ní 1824, pé agbárí kò ní àyè àlékún. Lóde òní ohun mẹ́ta là ń kà síbẹ̀: ọpọlọ fúnra rẹ̀, ẹ̀jẹ̀, àti omi mímọ́ gaara tó yí ọpọlọ ká. Bí ọ̀kan bá pọ̀ sí i, òmíràn gbọ́dọ̀ dín kù. Nígbà tí ọpọlọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, omi yẹn ló máa kọ́kọ́ yàgò, á sún wálẹ̀ sí ọ̀pá ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú àwọn iṣan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn á dín kù. Fún ìgbà díẹ̀, èèyàn lè má mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Ìgbà tí àyè bá tán pátápátá ni wàhálà dé. Wíwú tí kò tó nǹkan á mú kí ìfúnpá inú agbárí fò sókè, ẹ̀jẹ̀ tuntun ò ní ráyè wọlé dáadáa mọ́, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò dé á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wú, wíwú á wá máa bí wíwú. Nígbẹ̀yìn, ọpọlọ á máa wá ọ̀nà lọ sísàlẹ̀, síbi tí apá tó ń darí èémí àti lílù ọkàn wà. Iṣan tó ń mú kí dúdú ojú sún kì wà lójú ọ̀nà yẹn. Bí ọpọlọ bá ti tẹ̀ ẹ́, dúdú ojú ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ á fẹ̀, kò sì ní mira fún iná mọ́. Ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn rí lójú òsì Bàbá Kékeré nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí ló ń mú un wú gan-an? Ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ní 1967, Igor Klatzo, onímọ̀ nípa àrùn ọpọlọ, pín wíwú ọpọlọ sí ọ̀nà méjì, mo sì gbà pé ká ní ẹnìkan ti la ìpín yẹn yé wa ní ilé ìwòsàn, ọ̀pọ̀ ìkùnsínú inú ẹbí wa kì bá má sí.

Nínú ti àkọ́kọ́, ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń jò. Ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ kò rí bíi ti ibòmíràn lára. Àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ fún mọ́ra pinpin, kì í jẹ́ kí ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ṣàdédé wọ inú ọpọlọ. Kókó tó bá hù nínú ọpọlọ máa ń da ògiri yìí rú, omi àti èròjà inú ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn sí àárín àwọn sẹ́ẹ̀lì. Nínú ti èkejì, ògiri lè dúró digbí, sẹ́ẹ̀lì fúnra wọn ni agbára tán nínú wọn. Ní gbogbo ìṣẹ́jú ayé wa, sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kọ̀ọ̀kan ń lo agbára láti máa ti sódíọ̀mù jáde kúrò nínú ara rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ò bá gbé ọ́síjìn àti ṣúgà dé mọ́, iṣẹ́ yẹn á dúró, sódíọ̀mù á rọ́ wọlé, omi á tẹ̀lé e, sẹ́ẹ̀lì á wú. Bí rọpárọsẹ̀ tó wá láti ara iṣan tó dí ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sì ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Tó bá yá, ògiri iṣan ibẹ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, òun náà á máa jò, wíwú á sì ga jù láàárín ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún. Ìfarapa orí máa ń ní méjèèjì, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ dídà lórí rẹ̀.

Ilé méjì lè kún fún omi, kí ọ̀kan jẹ́ nítorí pé òrùlé ń jò, kí èkejì jẹ́ nítorí pé omi ń sun láti ìpìlẹ̀. Ẹni tó ń kan páànù mọ́ òrùlé ilé kejì kì í ṣe ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n omi ò ní dá.

Sítẹ́rọ́ọ̀dì mọ òrùlé tún ṣe. Ó máa ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì ògiri iṣan, á pàṣẹ fún un pé kó tún fún mọ́ra, á sì dín ohun tí kókó ń tú jáde láti fi ba ògiri náà jẹ́ kù. Kò sí ohun tó lè ṣe fún sẹ́ẹ̀lì tí ẹ̀jẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò lè gbé ọ́síjìn wá. Ohun tó tún yẹ ká rántí ni pé ara wa fúnra rẹ̀ ń ṣe sítẹ́rọ́ọ̀dì: ohun kékeré méjì tó jókòó lórí kíndìnrín ló ń ṣe cortisol lójoojúmọ́, ó sì máa ń ṣe é ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbà ìnira. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ bá kọlù, cortisol inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ti ròkè kí ẹnikẹ́ni tó ronú abẹ́rẹ́. Ìyẹn kì í sì í dá wíwú náà dúró.

Báwo wá ni àwọn dókítà ṣe gbà á gbọ́ fún ìgbà pípẹ́? Ìtàn náà dára láti mọ̀, nítorí pé kò sí òmùgọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 1948, ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, Philip Hench àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gún ọ̀dọ́bìnrin kan tí làkúrègbé ti dè mọ́ ibùsùn ní cortisone, ohun tí Edward Kendall ti yà sọ́tọ̀ láti ara ohun kékeré orí kíndìnrín yẹn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, obìnrin náà dìde, ó rìn. Ọdún méjì péré lẹ́yìn rẹ̀, ní 1950, Hench, Kendall àti Tadeus Reichstein gba ẹ̀bùn Nobel. Oògùn tó gbé orúkọ rẹ̀ yára dé òkè bẹ́ẹ̀ kò pọ̀.

Ní 1961, Joseph Galicich àti Lyle French ti University of Minnesota kọ ìròyìn nípa dexamethasone, sítẹ́rọ́ọ̀dì tí agbára rẹ̀ tó bí ìlọ́po 25 ti cortisol, fún àwọn tó ní kókó nínú ọpọlọ. Aláìsàn tó ti ń sùn lọ á jí, apá tó ti kú á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sókè, orí fífọ́ tó ń mú èèyàn bì á lọ. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ aláìsàn kókó ọpọlọ ti ń rí ìtura nínú rẹ̀, títí di òní. Ẹ fi ara yín sípò dókítà tó fi ojú rẹ̀ rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀, tí wọ́n wá gbé ẹni tí ọkọ̀ gbá wọlé ní ọ̀sán, tí ọpọlọ òun náà wú. Ta ni kò ní gbé abẹ́rẹ́ kan náà? Bí wọ́n ṣe ń gún un lọ nìyẹn, láti ilé ìwòsàn dé ilé ìwòsàn, fún nǹkan bí ogójì ọdún.

Àwọn kan gbìyànjú láti wádìí rẹ̀. Ní 1987, ìwádìí kan láti Thailand jáde lórí rọpárọsẹ̀ tó wá láti ara ẹ̀jẹ̀ tó ya sínú ọpọlọ. Èèyàn 93 ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 21, nínú 46 tó gba dexamethasone, 21 ti kú. Nínú 47 tí kò gbà á, 21 náà ló kú. Ikú kò yàtọ̀ rárá. Ohun tó yàtọ̀ ni pé kòkòrò àrùn àti wàhálà ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ gan-an lára àwọn tó gba oògùn náà, débi pé wọ́n ní láti dá ìwádìí dúró. Ní ti rọpárọsẹ̀ tí iṣan dí, àwọn ìwádìí tí wọ́n ṣe kéré, wọ́n sì fọ́nká. Nígbà tí wọ́n kó gbogbo wọn jọ, kò sí ẹ̀rí pé sítẹ́rọ́ọ̀dì dín ikú kù tàbí mú kí èèyàn lè dá nǹkan ṣe fún ara rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní ti ìfarapa orí, nígbà tí wọ́n kó àwọn ìwádìí kéékèèké ibẹ̀ jọ ní 1997, èsì náà lè túmọ̀ sí àǹfààní, ó sì lè túmọ̀ sí ìpalára. Ogójì ọdún tí wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́, wọn ò sì mọ̀ bóyá ó ń gbà là tàbí ó ń pa.

Ìdí nìyẹn tí ìwádìí tí wọ́n pè ní CRASH fi bẹ̀rẹ̀ ní 1999. London School of Hygiene & Tropical Medicine ni wọ́n ti ń darí rẹ̀, ilé ìwòsàn 239 ní orílẹ̀-èdè 49 ló sì kópa. Àgbàlagbà tó fi orí gbọgbẹ́, tí iyè rẹ̀ kò pé, tí kò tíì ju wákàtí 8 lọ tó ti farapa, ni wọ́n ń gbà. Kèké ni wọ́n ń ṣẹ́ fún oníkálukú. Àwọn kan gba methylprednisolone, tí òun náà jẹ́ sítẹ́rọ́ọ̀dì, fún wákàtí 48, àwọn kan gba omi tí kò ní oògùn nínú, dókítà tó ń fà á sí wọn lára kò sì mọ èyí tó jẹ́. Èèyàn 20,000 ni wọ́n fẹ́ kó jọ. Ní oṣù karùn-ún 2004, nígbà tí wọ́n dé orí 10,008, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ èsì wò láìjẹ́ kí àwọn yòókù mọ̀ ní kí wọ́n dá a dúró.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, 1,052 kú nínú àwọn tó gba sítẹ́rọ́ọ̀dì. Nínú àwọn tó gba omi lásán, 893 ló kú. Ìdajì-ìdajì ni ẹgbẹ́ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́, nítorí náà iye yẹn ṣeé fi wéra bó ṣe wà. Èèyàn 159 ló fi ju ara wọn lọ. Nígbà tó pé oṣù mẹ́fà, wọ́n tún kà á: 25.7 nínú 100 ti kú lọ́dọ̀ àwọn tó gba sítẹ́rọ́ọ̀dì, 22.3 nínú 100 lọ́dọ̀ àwọn yòókù. Kò yí padà.

Mo ti ka iye yẹn lọ, mo ti kà á bọ̀. Ohun tó máa ń bà mí lẹ́rù jù níbẹ̀ ni pé kò sí dókítà kankan tí ì bá fi ojú lásán rí i. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó farapa lórí tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ náà, nǹkan bíi 21 kú; nínú ọgọ́rùn-ún tí wọn ò gún, nǹkan bíi 18. Dókítà tó ti ń tọ́jú irú àwọn bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún lè máa rántí dáadáa ẹni tó gún tó sì rìn jáde. Á máa rántí orúkọ rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ tó ń sunkún ayọ̀. Ti mẹ́ta tó lé lórí ọgọ́rùn-ún yẹn, kò sí bó ṣe lè rántí wọn, nítorí pé kò sí ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí ọgbẹ́ orí pa. Ìrírí ọwọ́, bó ti wù kó pọ̀ tó, kò lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ hàn. Àfi kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn dúró sí ẹ̀gbẹ́ méjì, kí kèké pín wọn, kí ẹnìkan sì fi sùúrù kà wọ́n.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá yẹn kò mọ ibi tí wọ́n wà nígbà tí wọ́n ṣẹ́ kèké fún wọn. Mi ò mọ orúkọ ẹnì kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n tí ọ̀dọ́bìnrin dókítà bá lè dúró lẹ́nu ọ̀nà lóru, kí ó wo ojú ẹbí tó ń bẹ̀bẹ̀, kí ó sì sọ pé rárá, àwọn ni wọ́n fún un ní ẹnu láti sọ ọ́. Àwọn ìlànà Brain Trauma Foundation, àjọ kan ní Amẹ́ríkà, lórí ìfarapa orí sọ ọ́ gbangba pé kí wọ́n má ṣe fún ẹni tí ọgbẹ́ orí rẹ̀ le ní methylprednisolone tí ìwọ̀n rẹ̀ pọ̀. Ìlànà àwọn onímọ̀ rọpárọsẹ̀ ní Amẹ́ríkà náà kò fọwọ́ sí sítẹ́rọ́ọ̀dì fún ọpọlọ tó wú lẹ́yìn rọpárọsẹ̀. Nítorí náà nígbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ní dókítà "kọ̀ láti tọ́jú" ẹnìkan nítorí pé kò gún dexamethasone, ó máa ń dùn mí. Kíkọ̀ yẹn gan-an jẹ́ ara ìtọ́jú.

Sítẹ́rọ́ọ̀dì mìíràn kan tún wà tí mo fẹ́ kí a ya sọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí pé ìtàn tirẹ̀ tún dunni ju èyí lọ lọ́nà kan. Progesterone, họ́mọ̀nù tó ń pọ̀ lára aboyún, sítẹ́rọ́ọ̀dì ni òun náà. Donald Stein ti Emory University àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàkíyèsí pé nígbà tí ọpọlọ eku bá farapa, ti abo kì í wú tó ti akọ, pàápàá nígbà tí progesterone bá pọ̀ lára abo náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi tẹ̀ lé e nínú eku. Ní 2007, ìwádìí kékeré kan tó ní èèyàn 100 nínú sọ pé ó jọ pé ikú dín kù lára àwọn tó gbà á. Ẹ wo ìrètí! Ìwádìí ńlá méjì bẹ̀rẹ̀: ProTECT III pẹ̀lú èèyàn 882, àti SYNAPSE pẹ̀lú 1,195 ní orílẹ̀-èdè 21. Èsì méjèèjì jáde ní oṣù kejìlá 2014. Kò sí àǹfààní kankan. Nínú SYNAPSE, àwọn tó gba oògùn àti àwọn tí kò gbà á fẹ́rẹ̀ẹ́ má fi ìdá kan ju ara wọn lọ.

Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ṣe iṣẹ́ yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Wọ́n fi ọdún gbọọrọ nínú ayé wọn lé èrò kan, wọ́n gbé e wá síbi tí ó ti lè já sí òfo, ó já sí òfo, wọ́n sì kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ká ní wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún dexamethasone ní 1965 ni.

Kí ni wọ́n wá ń ṣe fún ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ wú? Wọ́n á gbé orí ibùsùn sókè tó nǹkan bí ìwọ̀n digírì 30, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn padà wálẹ̀ láti orí. Wọn ò ní jẹ́ kí ọrùn wọ́. Wọ́n á máa ṣọ́ èémí, ibà, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n lè fa mannitol tàbí omi oníyọ̀ tó le sí iṣan, tí á máa fa omi kúrò nínú ọpọlọ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn máa ń ra àkókò díẹ̀ padà, kì í ṣe ìwòsàn. Lójú ẹni tí kò mọ̀, gbígbé orí ibùsùn sókè kò jọ nǹkan kan. Mo rántí pé ẹ̀gbọ́n mi tiẹ̀ bínú sí i, ó ní ṣé ìrọ̀rí ni wọ́n fi ń wo rọpárọsẹ̀ ni.

Èyí tó ń gba ẹ̀mí là jù ni iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń yọ apá kan eegun agbárí kúrò. Ẹ rí i pé ó bá ohun tí Monro sọ mu: bí agbárí kò bá lè ná, ẹ ṣí i. Ní 2007, wọ́n da ìwádìí mẹ́ta láti ilẹ̀ Yúróòpù pọ̀, èèyàn 93 tí rọpárọsẹ̀ ńlá kọlù, tí wọn ò tíì ju ẹni 60 ọdún lọ, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún apá kan wọn láàárín wákàtí 48. Lẹ́yìn ọdún kan, 78 nínú 100 ló wà láàyè lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ṣe é fún. Lọ́dọ̀ àwọn tí wọn ò ṣe é fún, 29 ni. Kò tíì sí oògùn kankan tó sún mọ́ ìyàtọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ ẹbí: ọ̀pọ̀ àwọn tó yè nílò ẹni tí á máa wẹ̀ wọ́n, tí á máa wọ aṣọ fún wọn. Ní ti ìfarapa orí, ìwádìí RESCUEicp ti 2016 rí i pé irú iṣẹ́ abẹ yìí dín ikú kù láti 48.9 nínú 100 sí 26.9 ní oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n àwọn tó yè láìmọ ara wọn mọ́ pọ̀ sí i. Àgbà kan lè sọ pé òun ò fẹ́ irú ìyè bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí ẹbí ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ kí àìsàn tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ń ka èyí lọ bá dókítà jà nítorí pé wọ́n fún èèyàn rẹ̀ ní dexamethasone fún kókó inú ọpọlọ. Ibẹ̀ ni ilé rẹ̀. Ẹni tó bá ń lò ó fún ìyẹn kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì fúnra rẹ̀, nítorí pé ohun orí kíndìnrín yẹn á ti sinmi iṣẹ́, ara á sì ṣubú. Ó ń ran àwọn tí ikọ́ ẹ̀gbẹ dé awọ ọpọlọ wọn lọ́wọ́: ìwádìí Vietnam ti 2004 rí i pé ikú dín kù láti 41 nínú 100 sí 32. Ti àrùn yírùnyírùn fúnra rẹ̀ tún dá lé ibi tí èèyàn wà. Ní Yúróòpù ní 2002 dexamethasone gba àgbàlagbà là, ní Malawi ní 2007 kò ṣe nǹkan kan. Àní ẹ̀jẹ̀ tó rọra ń gbá jọ lẹ́bàá ọpọlọ àwọn arúgbó, tí wọ́n ti ń fún ní dexamethasone fún ìgbà pípẹ́, nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀ láàárín èèyàn 748 tí wọ́n sì gbé èsì jáde ní 2020, àwọn tó gba oògùn ni ara wọn kò le tó ti àwọn yòókù ní oṣù mẹ́fà. Oògùn kan náà, agbárí kan náà, àrùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì parí ní ti rọpárọsẹ̀. Ní 2024, ìwádìí MARVEL jáde láti ilẹ̀ Ṣáínà, ilé ìwòsàn 82, èèyàn 1,680. Àwọn tí iṣan ńlá dí nínú ọpọlọ wọn ni, tí wọ́n ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú iṣan láti fa ẹ̀jẹ̀ dídì náà jáde. Wọ́n fún ìdajì wọn ní methylprednisolone tó kéré gan-an sí ti CRASH, fún ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tí wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀ pé àwọn máa fi wọ̀n ọ́n, ìyẹn bí èèyàn ṣe lè gbé ìgbé ayé rẹ̀ tó ní ọjọ́ 90, kò yàtọ̀ ní ọ̀nà tó ṣeé gbára lé. Ṣùgbọ́n ikú jẹ́ 23.2 nínú 100 lọ́dọ̀ àwọn tó gbà á, 28.5 lọ́dọ̀ àwọn tí kò gbà á, ẹ̀jẹ̀ tó ń ya sínú ọpọlọ náà sì dín kù. Ó lè jẹ́ pé nígbà tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ ṣí iṣan, tí ọ́síjìn ti padà dé, ògiri tó ń jò wá di wàhálà tó ṣẹ́ kù, tí sítẹ́rọ́ọ̀dì sì lè rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Ó tún lè jẹ́ èèṣì, irú èyí tí ìwádìí progesterone ti 2007 fi hàn. Ìwádìí mìíràn tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n á fi ikú gan-an ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ni mo ń retí. Bó bá fi hàn pé ẹ̀mí ń yè, kí wọ́n yí ìlànà padà lójú ẹsẹ̀. Títí dìgbà yẹn, dókítà tó bá kọ̀ láti gún un fún ẹni tí a kò tíì ṣí iṣan rẹ̀ ṣe ohun tó tọ́.